Ohun Tí Ojú Kẹtàdínlógún Rí

Ọ̀mọ̀wé Ìbídùnní Ajímúdà gbé nǹkan kan kalẹ̀ lórí tábìlì ìgbìmọ̀, àwọn àgbààgbà sì ní láti tẹrí ba kí wọ́n tó rí i. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó tínrín bí ìpẹ́ ẹja, ó dúdú, etí rẹ̀ kan sì ń dán bí idẹ.

"Ewé-ìrántí tuntun nìyẹn," ni ó wí. "Ọgọ́rùn-ún ọdún ni yóò fi máa gba àwòrán kí ó tó kún."

Bàbá Ẹbíyẹmí tó jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn nìkan ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn létí.

Igba ọdún lẹ́yìn ìgbà tiwa yìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Òkun ti gba gbogbo etíkun àwọn Ìlàjẹ nígbà náà. Àwọn tí kò fẹ́ lọ ṣe àlejò lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kọ́ ìlú sí ìsàlẹ̀ òkun gan-an, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìsàlẹ̀-Ibú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Ògiri díńgí-irin, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì tó sì le ju irin lọ, ló yí wọn ká, òun náà ló sì bò wọ́n lórí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Omi wà lóde, afẹ́fẹ́ wà nínú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní ìlú náà mọ̀ pé ògiri yẹn nìkan ló wà láàárín òun àti ikú.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé ogójì kámẹ́rà sí ẹsẹ̀ ògiri, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan tó yí ìlú po. Ojú-àìsùn ni orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan bá rí àti ohun tó bá gbọ́, yóò kọ ọ́ sórí ewé-ìrántí tó wà nínú ikùn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ewé ti àtijọ́ lè gbà. Bí ó bá kún tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ rẹ̀, ojú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, ti tẹ́lẹ̀ á sì parẹ́. Bàbá Ẹbíyẹmí ló ń pààrọ̀ wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń fi ẹsẹ̀ rìn yípo ògiri náà, láti ojú kìíní dé ogójì, lọ́jọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án.

"Kí ni èyí yóò ṣe fún wa tí ti àtijọ́ kò ṣe?" Baálẹ̀ Ògúnfẹ̀yímí béèrè.

"Lọ́dún tó kọjá," Ìbídùnní dáhùn, "ẹnìkan da epo sínú omi tí à ń mu. Ọjọ́ kọkànlá la tó mọ̀. Ojú-àìsùn ti rí ẹni náà, ṣùgbọ́n ewé ti pa á rẹ́. Baálẹ̀, ìlú tó ń gbàgbé nǹkan lọ́jọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án kò lè mú ọ̀daràn kankan."

Àwọn kan mi orí. Òótọ́ ni, wọn ò sì tíì gbàgbé inú rírun ọjọ́ yẹn.

Bàbá Ẹbíyẹmí dìde. "Ta ni yóò máa wo àwòrán ọgọ́rùn-ún ọdún?"

"A ó wò ó nígbà tí a bá ń wá nǹkan, Bàbá."

"Bí ẹ kò bá mọ̀ pé nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ wá ńkọ́? Èmi máa ń fọwọ́ kan ògiri yẹn bí mo ṣe ń lọ. Mo máa ń gbé etí lé e."

"Ọwọ́ yín kò lè sọ ohun tó kàn ní oṣù tó kọjá fún wa. Ewé yìí lè sọ ọ́." Ó yíjú sí àwọn ìgbìmọ̀. "Gbogbo wa la mọ ohun tí Bàbá ń wá. Iṣẹ́ wọn ni wọn kò fẹ́ kó bọ́."

"Ìwọ ọmọ Ajímúdà, mo ti ń rìn lẹ́sẹ̀ ògiri yìí kí wọ́n tó bí ọ."

"Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn."

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ojú Bàbá Ẹbíyẹmí pọ́n. Ó rìn dé ìdí tábìlì, ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé-ìrántí náà, níwájú Baálẹ̀ àti gbogbo àgbà.

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní kó má fẹsẹ̀ tẹ gbọ̀ngàn àwọn mọ́ fún ọdún kan gbáko, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ògiri lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbídùnní fúnra rẹ̀ ló lọ gbà á. Ẹnu ọ̀nà ilé Bàbá, ní àdúgbò Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n ti pàdé. Àjíùn, ìyàwó rẹ̀, ń hun ẹní lọ́wọ́ níwájú ilé.

"Ẹ má dààmú ara yín, Bàbá," Ìbídùnní wí bí ó ṣe gba kọ́kọ́rọ́. "Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri, ojú á rí i, àwa náà á sì rí i."

Bàbá wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Ìbídùnní fi ki ewé tuntun bọ inú ogójì ojú náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún ní ìdí láti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ògiri. Wọ́n tì í pa. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bàbá Ẹbíyẹmí ní Bàbá Ọjọ́-Mẹ́sàn-án, àwọn ọmọdé á sì máa ka ení, èjì dé ẹ̀sán bó bá ń kọjá. Òun náà kì í kí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ó bá pàdé Ìbídùnní lọ́nà, yóò dúró, yóò wò ó títí ó fi kọjá, bí ẹni tó ń retí kí ó sọ nǹkan. Ìbídùnní ka ìwò yẹn sí ìwò ìkà, òun náà sì kọ́ bí a ti ń gbé imú sókè kọjá.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, àwọn olè gé wáyà bàbà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní apá ìlà-oòrùn. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n rí àwọn méjì náà, wọ́n mú wọn. Inú Baálẹ̀ dùn. Ó ní kí Ìbídùnní ṣe é kí ojú máa pariwo fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá tún wọ ibẹ̀. Ìbídùnní kọ́ ọpọlọ-ẹ̀rọ tó ń darí àwọn ojú náà ní ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ni bí a ti ń dá ènìyàn mọ̀. Bí ó bá rí ènìyàn, yóò lu agogo ìkìlọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán gangan, agogo dún. Ojú kẹtàdínlógún ni. Ìbídùnní wo pátákó àwòrán. Bàbá Ẹbíyẹmí ló rí, pẹ̀lú korobá kékeré kan lẹ́sẹ̀, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì ra nǹkan mọ́ ògiri. Ó ti gba ihò ìdaminù kan tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ wọlé.

Ó ránṣẹ́ sí Fágbọ̀hùn, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀, Bàbá kò sá.

"Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀," ni ó wí. "Oje yìí kò tíì gbẹ."

"Kí lẹ ń fi oje ṣe lára ògiri ìlú?"

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ajímúdà. Ó mọ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni mo ti sọ fún un."

Fágbọ̀hùn gba korobá náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wọ́ ọ jáde. Lẹ́yìn náà ó lọ bá Ìbídùnní, ó sì jíṣẹ́ fún un bí ó ti gbọ́ ọ.

"Èmi àti ọkùnrin yẹn kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ni Ìbídùnní wí.

"Ṣé ká lọ yẹ ibẹ̀ wò ni?"

"Ojú ń wo ibẹ̀."

Wọ́n fi Bàbá sí àtìmọ́lé láàárín ìlú.

Lọ́jọ́ kejì, Àjíùn wá sí ọ́fíìsì Ìbídùnní. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà.

"Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kó lọ parí iṣẹ́ yẹn. Bó bá parí rẹ̀, kí ẹ dá a padà sí àtìmọ́lé. Èmi gan-an á bá yín sìn ín lọ."

"Ẹ dìde, Màmá. Iṣẹ́ wo?"

"Ògiri ti ń sunkún lẹ́yìn ilé wa. Òun ló ń bá a nu omijé."

Ìbídùnní kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó yíjú sí ọpọlọ-ẹ̀rọ níṣojú obìnrin náà, ó sì bi í bóyá nǹkan kan wà ní ojú kẹtàdínlógún. Ẹ̀rọ náà dáhùn pé kò sí nǹkan kan, kò sì sí ènìyàn níbẹ̀. Ènìyàn nìkan ni wọ́n kọ́ ọ láti mọ̀.

"Ẹ ti gbọ́ ọ fúnra yín," ni ó wí. "Ẹ máa lọ sílé. Kò sí ewu."

Àjíùn dúpẹ́, ó sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ kẹta, ní aago méjì ọ̀sán, agogo ìkìlọ̀ tún dún. Ojú kẹtàdínlógún náà ni. Ìbídùnní gbé ojú sókè, ó rí Àjíùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri, ní ojú ibi tí ọkọ rẹ̀ ti dúró. Ó pe Fágbọ̀hùn. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, pátákó àwòrán sì di funfun, lẹ́yìn náà ó di dúdú.

Ó sáré jáde. Gbogbo ìlú ló ń sáré. Àwọn ilẹ̀kùn irin ńláńlá tó pín àdúgbò sí àdúgbò ti já wálẹ̀ fúnra wọn, bí wọ́n ti ṣe wọ́n pé kí wọ́n máa já bí omi bá wọlé. Ìlú yè nípa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúgbò Ìwọ̀-Oòrùn wà ní òdì kejì ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú gbogbo àwọn tó wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ gbọ́ tí wọ́n ń lu irin láti inú. Wọ́n lù ú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà kò sí ìró mọ́.

Ènìyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú kan pé Bàbá Ọjọ́-Mẹ́sàn-án ló rán ìyàwó rẹ̀ lọ fọ́ ògiri. Àwọn kan gbé òkúta lọ sí àtìmọ́lé. Fágbọ̀hùn àti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọn kò fi rí i pa. Ọkùnrin tí ọmọ méjì kú mọ́ lọ́wọ́ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó sì sọ fún un láti ìta pé Àjíùn ti kú, pé ikú rẹ̀ kò tó. Bí Bàbá Ẹbíyẹmí ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí ògiri ya, wọ́n mú un dé gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Àwọn òmùwẹ̀ ti lọ yọ ewé-ìrántí kúrò nínú ojú kẹtàdínlógún. Omi kò ṣe é ní ohunkóhun. Ìbídùnní mú ewé náà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti wú.

"Mo rí i nígbà tó ń ṣẹlẹ̀," ó wí fún ìgbìmọ̀. "Mo rí obìnrin náà tó ń lu ògiri, ògiri sì ya. Mo fẹ́ kí ìlú fojú ara wọn rí i, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo purọ́ mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn tó."

"Kò tó," ohùn kan wí. Olóyè Jẹ́gẹ́dẹ́ ni, ìyá àgbàlagbà tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta náà. "Ẹ ní kò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ìbídùnní jẹ́ kí àwòrán náà máa sáré, ọjọ́ kan á kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo. Ògiri. Ẹja ń kọjá lóde. Ó tó ọjọ́ kọkàndínlógún kí Olóyè Jẹ́gẹ́dẹ́ tó na ọwọ́.

"Kí ni ìlà yẹn?"

Ìlà kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, lápá ìsàlẹ̀ ògiri, tó tínrín bí irun orí. Ìbídùnní wò ó. Àwòrán ń lọ. Ìlà náà ń gùn.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, Bàbá Ẹbíyẹmí wọlé láti ihò ìdaminù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ògiri lọ, ó dúró níbi ìlà náà, ó gbé etí lé e. Ó jáde, ó padà wá pẹ̀lú korobá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oje tí àwọn apẹja fi ń dí ọkọ̀ dí i. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́, ó kọjú sí ojú-àìsùn.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó sọ," Baálẹ̀ wí.

Ìbídùnní dín eré rẹ̀ kù. Ohùn Bàbá jáde, ó ń hó díẹ̀.

"Ọmọ Ajímúdà, èmi ni. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wá sí gbọ̀ngàn. Mo lọ sílé Baálẹ̀, wọ́n ní kò sí nílé. Ìwọ ni o sọ pé ẹ ó máa rí i. Wò ó, ibí yìí ni. Mo ti dí i fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹ rán àwọn tó mọ̀ ọ́n wá."

Baálẹ̀ Ògúnfẹ̀yímí wo ilẹ̀. Ó wà nílé lọ́jọ́ náà.

Bàbá tún wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó dí i, ó kọjú sí ojú, ó sọ̀rọ̀. Ó tún wá, ó tún wá. Nígbà kẹrin, ó ṣe sùúrù, ó ń fi ìka tọ ìlà náà bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Nígbà keje, inú ti ń bí i. "O rí i. Mo mọ̀ pé o rí i. Nítorí itọ́ tí mo tu ni o ṣe ń ṣe báyìí?" Láti ìgbà náà lọ, ìrìn rẹ̀ ń sún mọ́ra, nítorí oje kò pẹ́ mọ́ kó tó re. Nígbà kọkànlá, kò bínú mọ́. Ó tọrọ àforíjì. Ó ní òun ṣẹ̀ ẹ́ níwájú àgbà, kí ó jọ̀ọ́, kí ó má fi ti òun pa àwọn ènìyàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wọlé tí wọ́n sì wọ́ ọ lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo. Oje tútù ń yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri díẹ̀díẹ̀. Omi ń kán.

Bàbá Ẹbíyẹmí kò wo àwòrán. Ìbídùnní ló ń wò.

"Ta ló ń wo àwòrán yìí ní ọ́fíìsì rẹ?" Baálẹ̀ béèrè.

"Kò sí ẹnì kan, Baálẹ̀."

"Láti oṣù mẹ́rin?"

"Kò sí ẹni tó wò ó rí. Agogo nìkan ni à ń dá lóhùn."

Bàbá Ẹbíyẹmí gbé orí sókè. "Kò sí ẹnì kan?"

"Kò sí, Bàbá."

"Ta wá ni mo ń bá sọ̀rọ̀?"

Ìbídùnní yíjú sí pátákó àwòrán.

"Mo rò pé o gbọ́, tí o kàn kórìíra mi ni," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn sì burú fún àwọn tó ń gbọ́ ju kí ó pariwo lọ. "Mo máa ń dúró lọ́nà kí o lè rí ojú mi. Ìbá sàn kí o kórìíra mi. Ẹni tó kórìíra wa ṣì lè gbọ́ wa."

Àwòrán kò dúró. Ó ti dé ọjọ́ tí ògiri ya. Àjíùn wọlé láti ihò, ó fi orúnkún rìn, ó ń fa ìkòkò kan lẹ́yìn. Ó bu oje nínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú wọ ibi tó ya, kíákíá, ó ń lù ú bí ó ti ń tú. Omi ti ń tu sí i lójú. Ó yíjú wo ojú-àìsùn lẹ́ẹ̀kan.

"Ọmọ mi, mo lọ sílé bí ẹ ti ní kí n lọ," ni ó wí. "Ó ti ń pọ̀ jù. Ọwọ́ mi kò lágbára tó tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ará àdúgbò kí wọ́n jáde."

Ìbídùnní na ọwọ́ láti pa á.

"Má pa á," Bàbá Ẹbíyẹmí wí.

Ó dá ọwọ́ dúró. Wọ́n wò ó títí dé òpin. Àwọn kan bo ojú. Omi bo ojú-àìsùn, ojú náà sì ń gba àwòrán lọ nínú òkùnkùn omi, bí ó ti gbà á fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí wọ́n tó lọ yọ ọ́.

Fágbọ̀hùn lọ tú okùn ọwọ́ Bàbá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ọkùnrin tí ọmọ méjì kú mọ́ lọ́wọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìbídùnní wá síwájú Bàbá, ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó ń sọ nǹkan tí kò yé ẹnikẹ́ni. Bàbá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́bàá rẹ̀.

"Èmi kò dárí jì ọ́," ni ó wí. "Dìde níwájú mi."

Baálẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbà, pé ìlú yóò dá a padà fún un, pé wọn yóò tọrọ àforíjì ní gbangba. Bàbá Ẹbíyẹmí jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ojú mọ́kàndínlógójì ló kù," ni ó wí. "Láti àárọ̀ ni gbogbo yín ti jókòó síbí. Ta ló lọ wo ẹsẹ̀ ògiri lónìí?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Lẹ́yìn náà Olóyè Jẹ́gẹ́dẹ́ dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà lọ, àwọn yòókù dìde tẹ̀lé e, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń pe àwọn tó ní àtùpà, wọ́n ń béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ìbídùnní ló ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sáré kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo, Bàbá Ẹbíyẹmí fa àga kan súnmọ́ pátákó àwòrán, ó jókòó, ó sì ń wo omi dúdú náà, nítorí ìyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀.